Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Bí Àwọn Ọlọ́pàá Ṣe Rí i Pé Ilé Kíkọ́ Lè Dènà Olè

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti ìgbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba tàbí ọ̀rọ̀ ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ni. Ọ̀rọ̀ ilé tí a ń gbé ni, àti ti àtẹ̀gùn tí àwọn ọmọ wa ń gùn bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Púpọ̀ nínú wa tí a dé Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ gbé inú ilé káńsù, ní Peckham, ní Tottenham, ní Hackney, ní Deptford. A mọ ọ̀nà òkè tí ó ṣókùnkùn, a mọ lífìtì tí kò ṣiṣẹ́, a sì mọ igun tí a máa ń sáré kọjá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ohun tí a máa ń bi ara wa léèrè nígbà náà ni pé: níbo ni àwọn ọlọ́pàá wà? Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá náà ní ìbéèrè tiwọn: ta ni ó kọ́ ilé yìí báyìí?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìmọ̀ kan wà tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, tí ó jọ òwe yìí gan-an, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ òwe náà rí. Wọ́n ní olè kì í dédé jà. Ó máa ń wo ibi tí ààyè wà, ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti ní í tó o, àti ibi tí yóò ti rí ọ̀nà sá lọ. Bí a bá ṣètò ilé, ọ̀nà, iná àti ọgbà dáadáa, ààyè náà yóò dín kù kí ẹnikẹ́ni tó pe ọlọ́pàá rárá. Ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó kan àwa náà ju bí a ṣe rò lọ.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni

Ní ọdún 1285, Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní ìlú Winchester. Òfin náà ní kí wọ́n gé gbogbo igbó kúrò lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti ìlú ọlọ́jà kan lọ sí òmíràn, kí wọ́n sì dí kòtò ibẹ̀, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 200 ní ọ̀tún àti 200 ní òsì, kí dánàdánà má baà rí ibi lúgọ sí. Àwọn igi ńláńlá nìkan ni wọ́n dá sí. Ìjòyè tí ó bá ni ilẹ̀, tí ó sì kọ̀ láti gé igbó rẹ̀, bí olè bá jà níbẹ̀, òun ni yóò dáhùn fún un. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n máa ti ẹnu odi ìlú láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tí yóò tún yọ.

Ǹjẹ́ èyí ṣàjèjì sí wa? Rárá. Kí òyìnbó tó dé, ìlú wa ní odi àti yàrà yí ká, oníbodè sì wà ní ẹnu ibodè tí ó ń wo ẹni tí ó ń wọlé àti ẹni tí ó ń jáde. Nínú agbo ilé, yàrá yí àgbàlá ká, gbogbo ilẹ̀kùn dojú kọ ara wọn, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni a sì ń gbà wọlé. Àlejò kò lè ṣàìkọjá níwájú àgbà tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà kì í wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹni tí a kò mọ̀ gbé ewúrẹ́ jáde.

Nígbà tí Robert Peel dá àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní ọdún 1829, ìtọ́ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wọn ni pé dídènà ìwà ọ̀daràn ni olórí iṣẹ́ wọn, pé ó ṣáájú mímú ọ̀daràn. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ọlọ́pàá á máa rìn yí àdúgbò ká tọ̀sán tòru. Ní ìgbà tí ọkọ̀ àti rédíò dé, ọlọ́pàá kúrò ní ojú títì, ó wọ inú ọkọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé gíga gíga fún àwọn tálákà.

Ohun tí Amẹ́ríkà kọ́ wa

Ní ọdún 1961, obìnrin kan tí ń jẹ́ Jane Jacobs, tí ó ń gbé ní New York, kọ ìwé kan lórí bí ìlú ńlá ṣe ń kú àti bí ó ṣe ń yè. Ó ní ohun tí ó ń ṣọ́ òpópónà kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan. Ojú àwọn ènìyàn ni: oníṣọ́ọ̀bù tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá tí ó yọjú lójú fèrèsé, àwọn tí ń kọjá lọ. Ní ọdún 1971, ọ̀jọ̀gbọ́n C. Ray Jeffery gbé ìwé jáde lórí fífi ètò àyíká dènà ìwà ọ̀daràn, àkọlé ìwé náà ni gbogbo ayé sì fi ń pe ìmọ̀ yìí títí dòní. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ayàwòrán ilé kan, Oscar Newman, kọ tirẹ̀.

Newman ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú St. Louis. Wọ́n kọ́ ilé 33 síbẹ̀, alájà mọ́kànlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Pruitt-Igoe ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1954 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kó wọlé. Kò pẹ́ kò jìnnà, àtẹ̀gùn àti lífìtì di ibi ẹ̀rù. Ní ọdún 1972 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀tù wó o, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1976, kò ku ẹyọ kan. Newman lọ sí Brooklyn, ó fi ẹ̀sítéètì méjì wéra, Brownsville àti Van Dyke, tí òpópónà kan ṣoṣo là láàrin. Irú ènìyàn kan náà ni ó ń gbé inú méjèèjì, ṣùgbọ́n Van Dyke ga fíofío, Brownsville kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ìwà ọ̀daràn pọ̀ ní Van Dyke ju Brownsville lọ. Àlàyé Newman ni pé bí ìdílé mélòó kan péré bá ń lo ẹnu ọ̀nà kan, wọ́n á mọ ara wọn, wọ́n á sì bi àlejò pé ta ni ó ń wá. Bí ó bá di ọgọ́rùn-ún ìdílé, kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ni ilé yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá jalè. Ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ yìí kíákíá, nítorí pé ohun tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́ ni.

Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lárugẹ jùlọ ni Alice Coleman, onímọ̀ jẹ́ọ́gíráfì ní King's College. Òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ rìn yí Southwark àti Tower Hamlets ká, wọ́n sì yẹ búlọ́ọ̀kù fúláàtì 4,099 wò. Wọ́n ka ìdọ̀tí, ìwé kíkọ sára ògiri, ìtọ̀ inú lífìtì, àti àwọn nǹkan tí wọ́n bàjẹ́. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1985, Coleman di ẹ̀bi ru àwọn ayàwòrán ilé: ọ̀nà òkè tí ó so búlọ́ọ̀kù mọ́ búlọ́ọ̀kù, ẹnu ọ̀nà tí ó pọ̀ jù, ilẹ̀ gbalasa tí kò ní olówó. Ìjọba Margaret Thatcher fún un ní owó láti fi ọ̀nà tirẹ̀ dán àwọn ẹ̀sítéètì kan wò.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bill Hillier ti University College London dá a lóhùn ní ọdún 1986. Ó ní ìṣirò Coleman kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tó, àti pé bí a bá dí gbogbo ọ̀nà pa nítorí olè, a ó lé àwọn tí ń kọjá lọ náà dànù, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ojú òpópónà. Àwọn mìíràn ní òṣì àti àìríṣẹ́ṣe ni ó yẹ kí a dá lẹ́bi, kì í ṣe bíríkì.

Ní ọdún 1985 yẹn náà ni ọ̀ràn Broadwater Farm ṣẹlẹ̀ ní Tottenham. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ìyá kan, Cynthia Jarrett, kú nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá tú ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan, Keith Blakelock. Ẹ̀sítéètì náà dúró lórí òpó, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nísàlẹ̀, ọ̀nà òkè sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ojú ọlọ́pàá rí ọ̀nà òkè wọ̀nyẹn bí odi ọ̀tá: wọ́n wà nísàlẹ̀, àwọn tí ń sọ òkò wà lókè. Ojú àwọn ará ibẹ̀ rí nǹkan mìíràn: wọ́n ní ìbágbépọ̀ àwọn àti ọlọ́pàá ni ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Ìwádìí tí Lord Gifford ṣáájú, tí ó jáde ní ọdún 1986, tẹnu mọ́ ìbágbépọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, wọ́n wó àwọn ọ̀nà òkè náà, wọ́n fi àwọn tí ń ṣọ́nà sí ẹnu búlọ́ọ̀kù, àwọn olùgbé sì lọ́wọ́ sí àtúnṣe náà gan-an. Ibẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé wíwó ọ̀nà òkè ni ó ṣe é ni, tàbí ọwọ́ àwọn olùgbé? Àwa gbà pé méjèèjì ni.

Ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń sọ

Ní ọdún 1989, àwọn ọlọ́pàá ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Secured by Design. Bí akọ́lé bá tẹ̀ lé ìlànà wọn, wọ́n á fún ilé rẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n yan àwọn ọlọ́pàá kan, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ka àwòrán ilé. Ẹ wo iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó yí padà: ọkùnrin tí ó ti ń lé olè fún ogún ọdún, ó wá jókòó ti tábìlì, ó ń bá ayàwòrán ilé jiyàn lórí ibi tí fèrèsé yóò wà.

Ohun tí wọ́n ń sọ kò le láti lóye. Àkọ́kọ́, ojú: kí fèrèsé ilé dojú kọ òpópónà àti ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Èkejì, ààlà: kí ó hàn gbangba pé ilẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹnìkan. Kí ọgbà iwájú ilé má ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ, kí a lè rí ẹni tí ó bá wà níbẹ̀. Kí ti ẹ̀yìnkùlé ga tó mítà 1.8, nítorí pé ẹ̀yìn ni kólékólé fẹ́ràn láti gbà wọlé. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà: kí ọ̀nà àbùjá tí ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá má pọ̀, nítorí pé olè tí ó bá ní ọ̀nà mẹ́rin láti sá, ọlọ́pàá méjì kò lè mú un. Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣeé já bọ̀rọ̀. Ẹ̀karùn-ún, ìtọ́jú: kí iná tí ó bá kú má pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ìjà wà. Ọlọ́pàá fẹ́ràn òpópónà kúkúrú tí kò já síbòmíràn, nítorí pé àlejò á hàn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ń ṣètò ìlú ní kí ọ̀nà já síra wọn, kí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù àti ibùdókọ̀ láìsí pé ó gbé mọ́tò, kí àwọn tí ń kọjá sì jẹ́ ojú. Àríyànjiyàn yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní ọdún 2004 láti fi bá wọn parí rẹ̀. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta: àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Huddersfield lọ bá àwọn kólékólé tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, wọ́n fi àwòrán ilé hàn wọ́n, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ èyí tí wọn yóò yàn àti ìdí rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Ìmọ̀ràn ni wọ́n lè dá, wọn kò lè pàṣẹ. Nígbà mìíràn, kí àwòrán ilé tó dé ọwọ́ wọn, ó ti parí. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ wọn kan kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ ọlọ́pàá gidi, torí pé olè tí kò wá kò ṣeé kà. Lẹ́yìn ọdún 2010, nígbà tí ìjọba gé owó ọlọ́pàá, iye wọn dín kù púpọ̀. Síbẹ̀ òfin ti ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Òfin ọdún 1998 sọ ọ́ di dandan fún àwọn káńsù láti máa ro ti ìwà ọ̀daràn nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìlànà ìkọ́lé ní England ní kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé tuntun le tó láti dènà kólékólé.

Ní Liverpool, wọ́n fi géètì ti àwọn ọ̀nà tóóró tí ó wà lẹ́yìn àwọn ilé àtijọ́, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nìkan ni ó ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe ìṣirò, olè jíjà nínú ilé ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ dín kù níbẹ̀.

Peckham, àti ọmọ wa

A kò lè sọ ìtàn yìí kí a má dé Peckham. Ẹ̀sítéètì North Peckham tóbi, ó lé ní 1,400 ilé nínú rẹ̀, búlọ́ọ̀kù alájà márùn-ún sì ni wọ́n, tí ọ̀nà òkè so pọ̀ mọ́ra. Àwọn tí ó yà á rò pé àwọn ìyá á máa ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lókè, tí mọ́tò kò ní í lè kọ lù wọ́n. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè di ọ̀nà tí a ń gbà sá fún ọlọ́pàá. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó o pẹ̀lú àwọn ẹ̀sítéètì mẹ́rin tí ó yí i ká, wọ́n sì ń kọ́ ilé kékeré tí ó ní ọgbà àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí, púpọ̀ nínú àwọn fúláàtì náà ṣófo, wọ́n sì ti kan pákó mọ́ wọn lójú, nígbà tí Damilola Taylor dé. Oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni ó ti Nàìjíríà wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, ó kúrò ní ilé ìkàwé Peckham, ó ń lọ sílé. Kámẹ́rà rí i bí ó ṣe ń fò fẹ̀rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n gún un, orí àtẹ̀gùn ẹ̀sítéètì ni wọ́n sì ti bá a nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ọdún 2006 ni ilé ẹjọ́ tó dá àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì lẹ́bi ikú rẹ̀. Kò sí ilé Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò sunkún ọmọ yẹn.

A kò ní sọ pé ògiri ni ó pa á. Ènìyàn ni ó pa á. Kámẹ́rà wà, ó rí i, kò sì lè gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí ó yọjú lójú fèrèsé lè pariwo. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́pàá tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé ilé kíkọ́ kì í fi ọkàn rere sínú ènìyàn. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó má fi ọmọ sílẹ̀ ní ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.

Ilé wa ńkọ́?

Ní Èkó àti àwọn ìlú ńlá wa mìíràn, adigunjalè ti mú kí àwa náà ṣe ètò àyíká tiwa. Ẹgbẹ́ àwọn onílé fi géètì sí ẹnu òpópónà, wọ́n gba ọlọ́dẹ, wọ́n ń tì í lóru. Odi ilé ga, ìgò fífọ́ àti wáyà wà lórí rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú géètì, nítorí pé ó dín ọ̀nà olè kù. Ṣùgbọ́n odi gíga ní ewu tirẹ̀: bí olè bá ti fò ó, odi náà bò ó lójú aládùúgbò. Géètì tí a tì tí a kò sì rí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lè dá ọkọ̀ panápaná dúró, ó lè dá aláboyún dúró. Agbo ilé àwọn baba wa ní odi, ṣùgbọ́n ó ní ojú nínú. Odi láìsí ojú ni àwa ń kọ́ báyìí, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sí ilé rò ó wò.

Kí wá ni ó yẹ kí a ṣe níhìn-ín? Bí káńsù bá fẹ́ wó ẹ̀sítéètì tàbí kọ́ tuntun, wọ́n ní láti bèèrè ohun tí àwọn olùgbé rò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìwé náà máa ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, a sì máa ń sọ ọ́ nù pẹ̀lú ìwé ìpolówó. Ẹ má sọ ọ́ nù mọ́. Ẹ kà á, ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ sọ fún wọn igun tí ó ṣókùnkùn, àtẹ̀gùn tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà lálẹ́. Ẹ béèrè bóyá ọlọ́pàá tí ń yẹ àwòrán ilé wò ti rí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọlọ́pàá mọ ìwé, àwa ni a mọ ilé.

Ẹ mọ orúkọ aládùúgbò yín pẹ̀lú. Ẹ yọjú lójú fèrèsé nígbà tí ilé ìwé bá jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè má sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n àgbà ṣì lè wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Ire o.